Bí Bàálé Ilé Bá Ní Òun Ń Mú Ìyàwó Bọ̀: Ìṣirò Tó Yẹ Kí Ẹ Jókòó Ṣe Kí Wọ́n Tó So Yìgì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Balógun. Ó gbé léèsì kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún gbé e sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé owó ẹ̀ ló le ni. Ó ní rárá o, ìyá mi. Ó ní lálẹ́ àná ni ọkọ òun sọ pé òun máa fẹ́ ìyàwó kejì, ó sì ní ẹ̀sìn fún òun láyè. Ó bi mí pé ṣé Ìsìláàmù ṣì gba irú ẹ̀ láyé tí a wà yìí. Mo gbé àga fún un.

Ó ti pé ọdún 30 tí mo ti ń ta aṣọ níbẹ̀, ó sì ti pé ọdún 11 tí mo ti di ìyálé. Kò sí ìbéèrè tí àwọn obìnrin ń bi mí tó o. Àwọn ọkùnrin náà ń bi mí, wọn ò kàn ní jẹ́ kí ìyàwó wọn gbọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí. Mi ò kì í ṣe áàfáà. Ọ̀dọ̀ áàfáà ni mo ti kọ́ ọ, ojú mi sì ti rí i.

Ẹ ka ẹsẹ náà parí

Àyè wà. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kò sí. Súrà Nísáà, orí 4 nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 3, dárúkọ méjì, mẹ́ta àti mẹ́rin. Ẹsẹ kan náà ló sọ pé bí ẹ bá bẹ̀rù pé ẹ ò ní lè ṣe déédé, kí ẹ fẹ́ ẹyọ kan. Àwọn ọkùnrin wa á ka ìdajì àkọ́kọ́ sókè ketekete, wọ́n á gbé ìdajì tó kù mì. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ òrukàn ló ṣáájú nínú ẹsẹ náà. Àwọn onímọ̀ sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ogun Úhúdù, níbi tí nǹkan bí 70 Mùsùlùmí ti kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí opó àti ọmọ aláìníbaba kún Mẹ̀dínà.

Kí Ìsìláàmù tó dé, kò sí òdiwọ̀n kankan láàárín àwọn Lárúbáwá. Ìyàwó 10 ló wà nílé Ghaylán ọmọ Salamah nígbà tó gba ẹ̀sìn, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ní kó mú mẹ́rin nínú wọn, kó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Gígé ni Ìsìláàmù gé e kù. Ògiri ni mẹ́rin yẹn. Kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó sáré lọ forí sọ ọ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ bá ìyá wa Kádíjà gbé nǹkan bí ọdún 25, kò fẹ́ ẹlòmíì lé e títí Kádíjà fi kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹsẹ 129 nínú súrà kan náà. Ó ní ẹ ò ní lè ṣe déédé láàárín àwọn obìnrin, bó ti wù kí ẹ gbìyànjú tó, torí náà ẹ má ṣe yí sọ́dọ̀ ẹnì kan pátápátá kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bí ohun tí a so rọ̀. Àwọn kan fi ẹsẹ méjèèjì lé ara wọn, wọ́n ní ó ti parí nìyẹn, kò sáyè mọ́. Orílẹ̀-èdè Tùnísíà fòfin dè é pátápátá lọ́dún 1956. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọkàn ni ẹsẹ 129 ń sọ, pé ọkàn ò ṣe é fi ìwọ̀n wọ̀n, àmọ́ oúnjẹ, ilé, aṣọ àti alẹ́ ọjọ́ ṣe é kà. Ìyá wa Áíṣà, ìyàwó Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ló gba hádíìsì kan wá, ìyẹn ìtàn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, pé bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá ti pín tán, á ní, Ọlọ́hun, ìpín mi nìyí nínú ohun tó wà níkàáwọ́ mi, má fi ohun tó wà níkàáwọ́ Rẹ tí kò sí níkàáwọ́ mi bá mi wí. Ibi tí èmi náà dúró sí nìyẹn.

Nítorí náà, ó tọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló tọ́ fún. Ẹni tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò ní lè ṣe déédé, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń fi owó ara rẹ̀ rà. Hádíìsì sọ pé ẹni tó bá ní ìyàwó méjì tó sì yí sọ́dọ̀ ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan á wọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ní Mòrókò, láti ọdún 2004, adájọ́ ló máa yẹ owó ọkùnrin wò kó tó gbà fún un. Ní Èkó, kò sí adájọ́ kankan tó máa bi í. Àwa la máa bi í.

Ìwé wo lẹ fi ṣègbéyàwó?

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè nìyí, kódà kí n tó bi wọ́n nípa owó. Yìgì nìkan ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi so, ní Òkè-Pópó, lọ́dún 1994. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tọkọtaya Mùsùlùmí ló máa lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba ní Ìkòyí lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n tó so yìgì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, torí físà tàbí torí ibi iṣẹ́, wọ́n á sì gbàgbé pé àwọn lọ. Ìwé Ìkòyí, ti ọkọ kan aya kan ni. Títí tí kọ́ọ̀tù fi máa tú u ká tàbí tí ikú fi máa ya wọ́n, ọkọ ò lè fẹ́ ẹlòmíì nílànà ìbílẹ̀ kí òfin ka ìyẹn sí ìyàwó. Òfin ìgbéyàwó ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún 5 nínú fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìwé yẹn bá wà nílé, ẹ lọ bá lọ́yà kí ẹ tó lọ bá áàfáà. Ọkùnrin tó fọwọ́ síwèé pé ẹyọ kan lòun máa fẹ́ ti ṣe àdéhùn, Mùsùlùmí òdodo kì í sì í ba àdéhùn jẹ́.

Ẹ má fi pamọ́

Èmi, nọ́ńbà fóònù ló sọ fún mi. Obìnrin kan wá ra àńkárá aṣọ ẹbí ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́ mi, bọ́ńdù méjìlá, ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́ sí Muṣin. Mo ní ta ni kí ọlọ́kadà pè tó bá débẹ̀? Ó ní kí ó pe bàbá ọmọ, ó sì ka nọ́ńbà náà fún mi. Kó tó kà á dé ìdajì ni mo ti mọ ìyókù. Nọ́ńbà bàbá àwọn ọmọ mi ni. Mo ka aṣọ náà pé, mo dì í, mo gba owó mi. Ìgbà tí obìnrin náà lọ tán ni ẹsẹ̀ mi tó yẹ̀.

Áàfáà tó bá wa dá sí i kò fi dídùn bò ó fún mi. Ó ní àṣẹ ìyálé kọ́ ló ń mú yìgì ṣẹ; bí bàbá ìyàwó bá ti fi í fọ́kọ, tí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀, tí sàdáàkì, owó ìyàwó, sì wà, yìgì ti so. Ó dùn mí, àmọ́ òtítọ́ ni. Ó wá kọjú sí ọkọ mi. Ó ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí ẹ kéde ìgbéyàwó. Ó ní láti ìgbà tó ti so yìgì yẹn, alẹ́ mélòó ló sùn sí Muṣin tó sì sọ fún mi pé ojú ọ̀nà lòun wà? Bàbá àwọn ọmọ mi ò lè dáhùn. Gbogbo alẹ́ tó ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú òun lórí Bíríìjì Kátà, gbèsè ni.

Ẹ sọ fún ìyálé kó tó gbọ́ níta. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹ̀, ní yàrá, kì í ṣe lójú àwọn ẹbí yín. Ẹ má sì retí kí inú ẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà.

Owó: oṣù tó burú jù lẹ ó fi kà á

Ẹ ra ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kọ iṣẹ́. Ọkọ mi ń ta pààtì mọ́tò ní Ládípọ̀. Nígbà tí áàfáà ní kó kọ iye tó ń wọlé fún un, ó kọ ti oṣù tí ọjà tà. Áàfáà fa ìlà sí i. Ó ní kó kọ ti oṣù tí kọ́ńténà há sí Àpápá. Orí iye yẹn la ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ewé mẹ́ta la pín: ti ilé mi, ti ilé ìyàwó mi, ti àwọn ọmọ. Ti àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ dá dúró, torí ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, ìyàwó mi ní ọ̀kan nígbà yẹn. Bí ẹ bá pín owó sí méjì ọgbọọgba, ẹ ti febi pa àwọn ọmọ mi. Bí ẹ bá sì ka owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi mọ́ owó tèmi, ìyàwó á rò pé èmi ni wọ́n ń kẹ́. Owó ọmọ ń tẹ̀lé orí ọmọ. Owó ìyàwó ni kó dọ́gba: owó oúnjẹ, aṣọ Iléyá, owó ọsibítù, owó iná.

Ilé ni èyí tó ń le jù. Olúkúlùkù ìyàwó ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ibùgbé tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ dandan fún un láti bá ẹnì kejì dáná pọ̀. Ẹ̀yin náà mọ Èkó: láńlọ́ọ̀dù á gba ti ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, ajẹ́ńtì á gba tirẹ̀, àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀. Ọkùnrin tó ń tọrọ owó ilé ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ló fẹ́ fi gba ìkejì? Ẹ bi í bẹ́ẹ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kó ka owó ọjà ti ìyálé mọ́ tirẹ̀. Owó tí mo ń pa ní Balógun, tèmi ni. Bí mo bá fi sílé, sàárà ni mo ṣe.

Alẹ́ ọjọ́

Bí ìyàwó tuntun bá jẹ́ ẹni tí kò tíì lọ́kọ rí, alẹ́ 7 ni tirẹ̀ kí pípín tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti lọ́kọ rí, alẹ́ 3. Lẹ́yìn ìyẹn, ọgbọọgba. Nǹkan oṣù tàbí àìsàn kì í gba alẹ́ lọ́wọ́ obìnrin, torí ìjókòó-tini wà nínú ẹ̀tọ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀sán ni kó fi pín. Ẹ lè pín in ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ láti Muṣin sí Òkè-Pópó, méjì-méjì ló rọ̀ wá lọ́rùn. Bí ìrìn àjò bá dé, ìbò ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń ṣẹ́ láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀. Ìbò náà ni wọ́n ṣẹ́ fún wa nígbà tí ọkọ wa ń lọ ra ọjà ní Kutonu.

Obìnrin lè fi alẹ́ rẹ̀ tọrẹ fún orogún rẹ̀, bí ìyá wa Sáúdà ṣe fi tirẹ̀ fún Áíṣà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni kó ti ọkàn rẹ̀ wá, ó sì lè gbà á padà nígbà tó bá wù ú. Mo ti rí ìyálé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn gba alẹ́ rẹ̀ títí tó fi di àlejò nílé ara rẹ̀. Ohun tí a so rọ̀ tí ẹsẹ 129 sọ nìyẹn.

Ogún

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́rọ̀ ikú jáde nígbà tí ìyàwó tuntun ń bọ̀. Ẹ sọ ọ́. Nínú Ìsìláàmù, bí ọkọ bá kú tó ní ọmọ, ìdá kan nínú 8 ni ti ìyàwó, bí wọ́n bá sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, ìdá kan náà ni wọ́n á jọ pín. Ìyẹn ni pé bí ìyàwó kejì bá ti wọlé, tèmi ti di kan nínú 16. Láàárín àwa Yorùbá ẹ̀wẹ̀, ìdí igi wà, tó ń pín ogún ní iye ìyá, orí-ò-jorí wà, tó ń pín in ní iye ọmọ. Ará Èkó kan, Suberu Dawodu, fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀ láìkọ ìwé ìpíngún, ẹjọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sì dé Lọ́ńdọ̀nù kó tó parí lọ́dún 1962, ìdí igi ló sì borí. Ọmọ kan ṣoṣo lábẹ́ ìyá rẹ̀ á gba ohun tí ọmọ mẹ́rin lábẹ́ ìyá tiwọn jọ ń pín. Kí ọkọ yín kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú lọ́yà pé ìlànà Ìsìláàmù ni kí wọ́n fi pín ogún òun. Èyí kò gbà ju ọ̀sán kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin

Lọ́dún 2019, nígbà tí yìgì àkọ́bí mi ń bọ̀, mo sọ fún áàfáà pé mo fẹ́ kí àdéhùn wà nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ní ojú ọ̀nà Hánbálì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà túmọ̀ òfin Ìsìláàmù, bí ọkọ bá gbà pé òun ò ní fẹ́ ẹlòmíì lé e tó sì yẹ̀, ìyàwó lè tú yìgì náà. Ní ojú ọ̀nà Málíkì tí àwa ń tọ̀ níbí, àdéhùn lásán kò de ọkọ, àfi kí ó fi àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ lé ìyàwó lọ́wọ́ bí ọjọ́ yẹn bá dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́. Àna mi ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i. Ọmọ mi kò tíì bèèrè ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó wà nínú àpótí mi, pẹ̀lú ìwé tí a fi pín owó.

Oníbàárà mi gbọ́ gbogbo èyí. Ó ní òun máa ra ìwé nílẹ̀ tó ń lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí pé mi ò tíì bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Mo pè é padà, mo ní ìwé wo lẹ fi ṣègbéyàwó? Ó ronú díẹ̀. Ó ní yìgì ni, ní Agége. Ó wá ní, àbí ẹ̀yin tún ń sọ ti Ìkòyí, èyí tí a lọ ṣe lọ́dún 2016 nítorí físà?

Mo tún gbé àga náà fún un.