Bí mo ṣe kọ́ fífún màámi ní oògùn ìrora àárín àkókò

Jẹjẹrẹ ọmú màámi ti wọ eegun ẹ̀yìn kí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn nílé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn. Wọ́n fún wa ní mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, míligíráàmù 5 nínú mílílítà 5, pẹ̀lú síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni, ìrora wà o, kò sí o. Ti aago mẹ́wàá alẹ́ á sì jẹ́ ìlọ́po méjì kí wọ́n lè sùn mọ́jú. Ìyẹn ò ṣòro. Àfikún ló dà mí láàmú: bí ìrora bá já wọlé láàárín, kí n fún wọn ní míligíráàmù 5 mìíràn, kí n má sì torí ẹ̀ fo èyí tí àkókò rẹ̀ ń bọ̀.

Aládùúgbò kan ti ní á di bárakú. Lóru ọjọ́ kejì, màámi di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Kò tó nǹkan, lọ sùn." Mo lọ sùn lóòótọ́. Nígbà tó máa fi di aago márùn-ún, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ̀rù," nọ́ọ̀sì wí, "màámi ló ń jẹ ìrora." Ó ní ìgbẹ́ líle ni kí n máa ṣọ́, kí n má fo oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ lọ́jọ́ kankan. Bí wọ́n bá ń sùn tí wọn ò ṣe é jí, tí mímí wọn ń falẹ̀, kí n má fún wọn rárá, kí n pè é kíákíá.

Ìka ló kọ́ wa láti máa fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ dídì, kò sí ìrora. Ìka márààrún, ó ti kọjá àfaradà. Màámi tó ń fẹnu tàn mí ò mọ bí wọ́n ṣe ń fìka tanni! Bí wọ́n bá ti na mẹ́ta, mo ti ń fa oògùn. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú síríńjì, mo máa ń fìka ta á títí á fi gòkè, kí n tó tì í jáde. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sí, díẹ̀díẹ̀. Ó korò, ẹ̀kọ mímu ló ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, mo tún bèèrè ìka, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé yẹn ló tú àṣírí: àsìkò ìwẹ̀ ni ìrora máa ń dé jù. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún wọn ní àfikún ní ìdajì wákàtí ṣáájú ìwẹ̀. Ó tún rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni mo fi kún un fún ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà gbé ti wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin sí 7.5, àfikún náà gòkè tẹ̀ lé e. Èmi ì bá máa fún wọn ní 5 lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbómi wọlé. Màámi na ìka kan, wọ́n wá ní kàn-ìn-kàn-ìn tí mo mú wá ti gbó jù, kí n lọ mú tuntun.