Profile tó ń kọ́kọ́ wo fọ́tò kó tó fọwọ́ kàn án

Ìyá ìyàwó kan tí mo ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ló pè mí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, mo wà nílé ní Kubwa, mi ò tíì mu tíì. "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fi sípò mi nínú fọ́tò yìí? Ìgbà wo ni mo di pupa?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo ṣí fọ́tò náà, òótọ́ ni màmá sọ. Obìnrin dúdú tó ń dán, tó wé gèlè aláwọ̀ wúrà, ló ti di ẹni tí eérú bò lójú. Ẹ̀bi mi ni. Fọ́tò 640 ni mo yàn, mo fi profile Adaptive, ìyẹn AI inú Lightroom tó ń tún àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe, sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, báńtìrì láàpútọ́ọ̀pù ti fẹ́ kú, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, ni mo bá export (mo sọ wọ́n di fọ́tò tó ṣeé fi ránṣẹ́), mo fi ránṣẹ́, mo sùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jókòó ti nǹkan yìí dáadáa. Bí mo ṣe ń lò ó nìyí.

Ẹni tó bá ń ya raw mọ̀ pé ohun tó wà nínú fáìlì náà kì í ṣe fọ́tò tó ti jinná. Ìmọ́lẹ̀ ni kámẹ́rà kó jọ síbẹ̀. Bí pupa ṣe máa pọ́n tó, bí ibi tó ṣókùnkùn ṣe máa ṣókùnkùn tó, kọ̀ǹpútà ló máa pinnu ẹ̀, profile ló sì ń sọ fún un bó ṣe máa pinnu. Láti 2018, profile tó ń jẹ́ Adobe Color ni Lightroom àti Camera Raw, àwọn ètò Adobe tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, máa ń fi sí raw tuntun. Adobe Color kì í wo ohun tó wà nínú fọ́tò. Ì báà ṣe ìyàwó, ì báà ṣe òkúta, ohun kan náà ló máa ṣe fún un, bíi télọ̀ tó ní pátánì kan ṣoṣo fún gbogbo oníbàárà.

Adaptive kì í ṣe bẹ́ẹ̀. 2024 ló kọ́kọ́ jáde nínú Camera Raw, lẹ́yìn náà ló wọ Lightroom. AI inú rẹ̀ á kọ́kọ́ wo fọ́tò náà, kó tó tan ìmọ́lẹ̀ síbì kan, kó sì dín in kù níbòmíì. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́nu: bó bá ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí tán, àwọn slider tí a fi ń fa ìmọ́lẹ̀ sókè sílẹ̀, Exposure, Highlights, Shadows, gbogbo wọn ṣì máa wà lórí 0. Bọ́tìnì Auto ló máa ń ti àwọn slider yẹn kiri. Abẹ́ wọn ni Adaptive ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà gbogbo slider yín ṣì wà níbẹ̀ fún yín láti lò.

Kámẹ́rà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Raw nìkan ni profile yìí ń gbà. Bí ẹ bá gbé JPEG fún un, ẹ ò ní í rí i níbẹ̀ rárá. Raw oní-bit 14 lè ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 16,384 nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, JPEG ò kọjá 256. Ibi tí AI ti máa rí nǹkan fà jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti jó ti jó o. Oòrùn ọ̀sán Àbújá nínú oṣù kẹta, tí bàbá kan bá dúró sábẹ́ rẹ̀ nínú agbádá léèsì funfun, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà rí agbádá yẹn kó tó rí ojú bàbá. Mo máa ń fa ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà sílẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta stop (stop ni ìwọ̀n tí a fi ń ka ìmọ́lẹ̀). Ojú á ṣú díẹ̀ lórí kámẹ́rà, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Ojú tó ṣú ṣì ṣeé tàn, ihò ara léèsì tó ti di funfun báláú ò ṣeé padà rí.

Lórí kọ̀ǹpútà, White Balance, tó ń mú àwọ̀ iná kúrò lára fọ́tò, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Mo mọ àwọn tó máa ń fi í sẹ́yìn, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n mi ò lè mọ̀ bóyá profile ba awọ ara jẹ́ tàbí kò bà á jẹ́ nígbà tí gbogbo fọ́tò ṣì pọ́n bí epo pupa. Ti àwọn gbọ̀ngàn tó ń tan iná elésè àlùkò láti ìbẹ̀rẹ̀ àríyá dé òpin, kò sóògùn. Ẹ bá ẹni tó ń mójú tó iná sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé.

Ẹ wá lọ sókè pánẹ́ẹ̀lì Basic nínú Lightroom Classic, níbi tí wọ́n kọ Profile sí. Ẹ ṣí i, ẹ mú Adaptive Color. Ẹ ní sùúrù fún un díẹ̀, láàpútọ́ọ̀pù tèmi máa ń mí gùle-gùle bí ẹni tó sáré gun òkè. Bó bá ti parí, ẹ máa rí Amount lábẹ́ rẹ̀, tó dúró lórí 100. Ó lè lọ sílẹ̀ dé 0, ó lè gòkè dé 200. Slider kan yìí ni mi ò fọwọ́ kàn lọ́jọ́ tí màmá di pupa.

Ẹ má wo fọ́tò náà lódindi o. Lódindi, ó máa ń wuyì gan-an, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Ẹ sún un mọ́ ojú, dé 100%. Lára èèyàn dúdú, ìmọ́lẹ̀ máa ń jókòó síwájú orí, sórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, sórí igi imú, dúdú tó jinlẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àárín méjèèjì yẹn ni dídán wà. Bí profile bá ti gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè jù, àárín yẹn á pa dé, kò ní í sí ibi tó ń dán mọ́, kò sì ní í sí ibi tó dú. Ojú á wá rí bí ẹni tó wẹ̀ nínú ọyẹ́ tí kò fi ìpara pa ara.

Lẹ́yìn ojú, ẹ wo aṣọ. Ẹtù ni mo fi ń dán an wò bí ẹnikẹ́ni bá wọ̀ ọ́. Ẹtù gidi, aró rẹ̀ máa ń fẹ́ẹ̀ di dúdú, pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín tín-ín-rín lára rẹ̀. Bí Amount bá pọ̀ jù, ẹtù á di jíǹsì tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo máa ń fa Amount sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹtù á fi padà di ẹtù. Nínú fọ́tò àríyá alẹ́, àárín 40 sí 60 ni mo sábà máa ń dúró. Bí ojú bá ṣì ṣú níbẹ̀, mi ò ní í gbé Amount padà sókè: màá fi mask, tí a fi ń yan apá kan fọ́tò, mú ojú nìkan, màá fún un ní Exposure 0.25, ó tán.

Bí mo ṣe tún ti màmá ṣe nìyẹn. Amount 45. Ó fèsì lálẹ́: "Èmi rèé. Ṣùgbọ́n ikùn yìí ńkọ́?" Mo ní, "Mà, ikùn kò sí lọ́wọ́ profile."

Ìgbà ọyẹ́, ẹ tún ṣọ́ ọ. Mo ya àpáta Zuma láti ojú ọ̀nà Kàdúná nínú oṣù kìíní. Ìpínlẹ̀ Niger ni àpáta náà wà, àmọ́ ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ará Àbújá kẹ́ ẹ gbọ́ èsì. Mo fẹ́ kó rí bí mo ṣe rí i, bí àgbàlagbà tó fi aṣọ funfun borí. Lórí 100, Adaptive fún un ní ojú sánmà tó mọ́ bíi ti oṣù kẹwàá. Fọ́tò dáadáa ni, oṣù kìíní nìkan ni kì í ṣe. Adobe Color ni mo padà sí.

Adaptive B&W, tó ń sọ fọ́tò di dúdú àti funfun, náà wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ojú àwọn arúgbó, mi ò sì kì í fi í sí aṣọ ẹbí láé, torí owó aṣọ ni wọ́n ná, wọ́n fẹ́ rí àwọ̀ ẹ̀.

Ohun tó kù ni fọ́tò ìdílé, ibẹ̀ ló ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Lọ́jọ́ yẹn, fọ́tò 17 ni mo yà síwájú ògiri kan, kámẹ́rà ò kúrò lójú kan, iná ò yí padà. Àwọn èèyàn ló ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Bí bàbá alágbádá funfun bá wọlé, AI á rí fọ́tò míì. Bó bá jáde, ó tún di òmíràn. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi Sync, tó ń pín àtúnṣe fọ́tò kan fún àwọn yòókù, pín Adaptive fún wọn, ti fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló máa tún ṣírò. Nínú álíbọ́ọ̀mù, ògiri kan náà ti di oríṣi mẹ́rin, ojú ìyàwó náà sì ń dú, ó ń pọ́n, láti ojú ìwé kan sí ìkejì.

Nítorí náà, fọ́tò tó bá dá dúró ni mo ń fún ní Adaptive: ìyàwó lẹ́bàá fèrèsé, ọkọ tó ń dọ̀bálẹ̀, màmá tó ń jó. Fọ́tò ìdílé, Adobe Color ni. Mo máa ń tún ọ̀kan ṣe, mo máa ń Sync ìyókù, mo máa ń yàn wọ́n pọ̀, mo sì máa ń tẹ N kí gbogbo wọn tò síwájú mi lẹ́ẹ̀kan. Ògiri ni mo máa ń wò, mi ò kì í wo èèyàn kankan. Bí ògiri bá jẹ́ ọ̀kan náà, mo export.