Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ìwọ̀n Omi Adágún Ẹja Àrọ̀ ní Àgbàlá Ilé

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja àrọ̀ sí àgbàlá ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ ro ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde kí ó tó ro ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Kànga àti pọ́ǹpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń náwó lé lórí, wọn a sì fi ihò ìjáde omi sílẹ̀ fún bíríkìlà láti gbé síbi tí ó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ kí a mú adágún onísìmẹ́ńtì tí ó gùn ní mítà 4, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 3. Bí ògiri rẹ̀ bá ga ní mítà 1.3, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 1 lọ, nítorí pé sẹ̀ǹtímítà 30 tí ó ṣẹ́kù lókè ni kì í jẹ́ kí ẹja tètè fò jáde, òun náà ni yóò sì gba òjò.

Ní igun tí ilẹ̀ adágún ti dagẹ̀rẹ̀ sí, ẹ yọ páìpù onínṣì 4 gba abẹ́ ògiri jáde. Lẹ́yìn ògiri, ẹ fi elbow, ìyẹn ìsopọ̀ páìpù tí ó tẹ̀ bí ìgúnpá, so ó mọ́ páìpù mìíràn tí yóò dúró lóòró. Ibi tí ẹnu páìpù yìí bá ga dé ni omi inú adágún yóò mọ, nítorí pé bí omi bá ti fẹ́ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò máa ṣàn jáde níta. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò yìí ni pé omi ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọn kò jẹ tán kó sí, ni ó ń jáde. Bí ó bá jẹ́ òkè ògiri ni a lu ihò sí, omi tí ó mọ́ ni yóò máa ṣòfò. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù náà mọ́ elbow, kí ẹ lè dà á dúbúlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fa omi gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ fi wáyà dè é mọ́ irin tí ẹ rì mọ́lẹ̀, nítorí pé bí ewúrẹ́ bá fara gbún un ṣubú lóru, omi lè gbẹ tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òjò tí ó rọ̀ tààrà sínú adágún kò léwu tó bí a ti ń rò. Òjò mílímítà 50 kò lè fi ju lítà 600 kún adágún yìí, omi yóò sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 péré ga sí i. Òrùlé ni kí ẹ bẹ̀rù. Òjò kan náà lórí páànù tí ó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin yóò da lítà 5,000 sílẹ̀. Bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kọjú sí adágún, tí ihò sì dí, omi yóò kọjá orí ògiri, ẹja yóò sì bá a lọ. Ẹ darí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àti àgbàrá gba ibòmíràn.

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò sì máa ń gbọn ewé máńgòrò sínú adágún. Bí ewé náà bá rin tí ó rì, yóò lẹ̀ mọ́ àwọ̀n pẹlẹbẹ tí a fi bo ihò, ọ̀kan lórí èkejì, títí omi kò fi ní rí ọ̀nà mọ́. Dípò àwọ̀n bẹ́ẹ̀, ẹ ki páìpù gígùn kan tí ẹ ti dí lórí bọ ihò náà, kí ẹ sì lu ihò wẹ́wẹ́ tí orí ẹja kò lè wọ̀ yí i ká. Ewé kò ní tètè bo gbogbo rẹ̀.

Ẹnu họ́ọ̀sì tí ń gbé omi wọlé gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi lọ dáadáa. Bí ó bá rì sínú omi, tí iná sì lọ, omi adágún lè fà padà sínú kànga tí ilé ń mu.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, oòrùn àti ọyẹ́ ń fa omi lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í fa ìdọ̀tí. Nítorí náà, ẹ má kàn máa bu omi kún un. Ẹ kọ́kọ́ tú díẹ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ dànù ná. Kí ẹ la ojú àgbàrá láti ẹnu páìpù lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ebè ẹ̀fọ́, kí ó má baà ṣàn wọ àgbàlá aládùúgbò.