Àárọ̀ ní Erédò, Ìrọ̀lẹ́ ní Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Rìn Ín Lọ́jọ́ Kan

Bí ọmọ ilé wa kan bá ti òkè òkun dé sí Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni wọ́n máa ń ní kó mú un jáde. "Mọ́mì Ìjẹ̀bú" ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo ti rin ìrìn yìí tó ìgbà mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbà lẹ́nu mi ni pé Erédò, odi àti kòtò ńlá àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, kì í ṣe ohun téèyàn ń wò látinú ọkọ̀. Ẹ ó wọ inú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá dúró sétí títì, igbó àti òkìtì ilẹ̀ lásán lẹ máa rí, ẹ ó sì máa bi ara yín pé ṣé èyí náà ni wọ́n ń ròyìn.

Ẹ wá nínú ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú ọmọ àbúrò mi lọ, oṣù Kẹsàn-án ni. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. A jẹun yó tán ká tó kúrò nílé, aago mẹ́ta ọ̀sán la tó débẹ̀. Inú kòtò ti ń ṣú, amọ̀ pupa ń yọ̀ bí ọṣẹ, ọmọ náà sì ṣubú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ bó yánnayànna. Láti ọjọ́ náà, aago méje àárọ̀ ni mo máa ń gbéra.

Ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa ṣíwájú yín. Kì í ṣe ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ni mò ń sọ o. Ọmọ abúlé ni, tó ń gba ibẹ̀ lọ sóko tàbí tó ń ṣọdẹ níbẹ̀. Èmi ní bàbá ọdẹ kan tí mo máa ń pè ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ yà kí baálẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́. Iye tí ẹ máa fún ẹni tó ń mú yín lọ, ẹ sọ ọ́ yanjú kí ẹ tó wọgbó. Ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Kí ẹni tó mú àdá máa lọ níwájú, nítorí ejò.

Òkè-Ẹ̀rí ni a kọ́kọ́ máa ń yà, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Ibẹ̀ ni sàárè Bílíkísù Súngbọ́ wà, Mùsùlùmí, Kìrìsítẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ló ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Ẹ béèrè èèwọ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin dé ìdí sàárè, nítorí náà ìta ni èmi àti àwọn obìnrin tó bá tẹ̀lé mi máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń pìtàn fún wọn: Súngbọ́ yìí jẹ́ obìnrin olówó kan tí kò bímọ, ó wá ní kí wọ́n gbẹ́ odi yí ilẹ̀ òun ká, kí orúkọ òun má baà parun, òun náà ni Erédò. Àwọn kan ní òun gan-an ni Ọbabìnrin Ṣẹ́bà tó gba aṣálẹ̀ lọ bá Sólómọ́nì. Ṣùgbọ́n ti Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún, àwọn awalẹ̀pìtàn kò sì ka Erédò sí ju nǹkan bí 1,000 ọdún lọ. Méjèèjì ni mo máa ń sọ fún àlejò mi. Ohun tí ara Òkè-Ẹ̀rí gbà gbọ́ tọ́ sí ọ̀wọ̀, ohun tí ilẹ̀ fi hàn náà tọ́ sí i.

Ẹ dé Erédò kí oòrùn tó le. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ máa di gbòǹgbò igi mú. Nígbà tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, ẹ dákẹ́. Ariwo ọkọ̀ á ti tán létí yín. Ògiri ilẹ̀ pupa á dìde lọ́tùn-ún lósì, ó ga tó mítà 20 láwọn ibì kan, àwọn igi ńlá á sì bo òkè rẹ̀ bí òrùlé. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà. Ó tutù, ó dán, ewéko wẹ́wẹ́ tó rí bí ìyẹ́ òròmọdìẹ ti hù sí i lára, omi sì ń sun níbi tí gbòǹgbò bá ti yọ. Ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀, tó fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí kìlómítà 160. Láti ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO, kí wọ́n lè kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Ó ń dùn mí pé àwọn kan ṣì ń bu ilẹ̀ ara rẹ̀ kọ́lé. Ẹ má bù ú, ẹ má kọ orúkọ sí i lára.

Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, ẹ̀pà, àti omi tútù nínú kúlà ni mo máa ń gbé lọ. Ẹni tó bá mu ún nígbà tó gòkè padà á mọ ìdí tí mo fi ń gbé e lọ.

Ẹ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà gidi ni kí wọ́n fi sè é, kí ẹja rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo ère Ọbańta, ẹ dé iwájú ààfin Awùjalẹ̀, níbi tí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà ti jọba láti ọdún 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù Keje 2025. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá lẹ wá, ẹ gbàgbé gbogbo ìyókù. Ojúde Ọba nìkan á gba ọjọ́ yẹn.

Aago mẹ́rin, ẹ kọrí sí Ẹ̀pẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé láti òdìkejì ọ̀nà yìí ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti wá ní oṣù Karùn-ún 1892, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì fi ìbọn arọ̀jò-ọta bá àwọn bàbá wa jà ní Ìmagbọn. Àwọn ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà kì í sì í dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ẹ ti wà létí ọ̀sà kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù. Bí ọyẹ́ bá mú gan-an, oòrùn kì í dúró kó kan omi; ó máa pọ́n bí epo pupa, ojú yín á lè wò ó tààrà, á wá rá mọ́ inú kùrukùru nígbà tó ṣì wà lókè. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́fà kọjá lè má bá a mọ́. Ẹ wo àwọn apẹja tó ń tu ọkọ̀ bọ̀ sétí omi. Bí wọ́n bá gba ibi tí oòrùn wà kọjá, òjìji wọn nìkan lẹ máa rí, dúdú kirikiri, àti àjẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀.

Ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà sùn díẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Òun ló máa wa yín padà lóru.