Ẹ má pè wọ́n ní ẹlẹ́gbin: àṣìṣe tí a ń ṣe sí igún, àdán àti ewé jíjẹrà

Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún á rántí bí igún ṣe máa ń to ara wọn sórí òrùlé níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ẹ lọ wo òrùlé ọ̀hún lónìí.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí a máa rò pé ẹyẹ tó ń jẹ òkú ló ń kó àrùn wá bá wa. Igún ló ń kó àrùn kúrò. Omi inú ikùn rẹ̀ kan débi pé ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn inú òkú ẹran ń kú síbẹ̀. Íńdíà fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fún màlúù ní oògùn ìrora tó ń jẹ́ diclofenac. Igún tó bá jẹ òkú irú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á daṣẹ́ sílẹ̀. Irú igún mẹ́ta tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ dínkù débi pé nínú 100, ó lé ní 95 tó lọ. Òkú màlúù wá di ti ajá ìgboro, ajá pọ̀ sí i, ewu dìgbòlugi náà sì pọ̀ sí i. Nígbà tí ìjọba fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn ní 2006, ẹ̀pa fẹ́rẹ̀ẹ́ má bóró mọ́.

Tiwa yàtọ̀: orí igún là ń rà fún oògùn. Ní 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti ewéko, fi igún kékeré tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ sí ìpele tó kángun sí àkúrun. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, igún tí májèlé pa lé ní 2,000. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. “A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí” ṣì wà lẹ́nu wa. Owó orí igún náà sì wà lọ́wọ́ wa.

Àdán ńkọ́? Wọ́n rọ̀ bí èso sórí igi ọgbà yunifásítì Ifẹ̀. Bí wọ́n bá yàgbẹ́ sórí ọkọ̀ ẹnìkan, á ní kí wọ́n gé igi náà. Ẹ má gé e. Èso ìrókò tí àdán jẹ níhìn-ín, ọ̀nà jíjìn ló ti ń yàgbẹ́ hóró rẹ̀. Igi irúgbá náà, alẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń là. Oyin ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó náà kiri kí ó lè so, àmọ́ àdán ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń fi irú se ẹ̀fọ́, tó tún ń sọ òkò lu àdán, ọbẹ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ lókò. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ ẹ́: ó lè ní kòkòrò àrùn lára. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ẹ̀yin olóko kòkó, ẹ dẹwọ́ nínú gbígbá ìdí igi mọ́ tónítóní bí àgbàlá ìyàwó tuntun. Kòkòrò tó ń mú kí òdòdó kòkó so kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, inú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó ló ń yé ẹyin sí. Nínú 100 òdòdó kòkó, agbára káká ni 5 fi ń di èso. Bí a bá wá gbá ilé kòkòrò yìí dànù, tí a tún fín oògùn apakòkòrò nígbà tí igi ń tanná, kí là ń retí? Èso tí àrùn ti sọ dúdú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o: ẹ já a kúrò, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Ó ku ilẹ̀ àbàtà, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ tí kò wúlò l'Ékòó. Kí ẹ tó da yanrìn sí i, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi òjò máa ń sùn tẹ́lẹ̀.