Bí mo ṣe wá dọ́là 19 tó sọnù nínú dífídẹ́ńdì mi

Mo ní ṣíà 200 nínú ilé-iṣẹ́ Dawson Geophysical ti Midland, ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ńlá ni wọ́n fi ń mi ilẹ̀, wọ́n á wá tẹ́ ẹ̀rọ kéékèèké sílẹ̀ láti gbọ́ ìró tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, káwọn elépo lè mọ ibi tí wọ́n á gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe irú iṣẹ́ yìí rí nínú ẹrọ̀fọ̀ Niger Delta. Òun ló ní kí n rà á.

Ní 2024, wọ́n kéde dífídẹ́ńdì, ìyẹn owó tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà rẹ̀: sẹ́ńtì 32 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ṣíà ọ̀hún kò tó dọ́là 2 nígbà yẹn o! Mo kọ́kọ́ yẹ ọjọ́ wò, torí ẹni tó bá rà á lẹ́yìn tí gbèdéke ti kọjá kò ní gba nǹkan kan. Ẹni tó tà á fún un ló ni dífídẹ́ńdì. Tèmi ti pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ṣírò owó mi: dọ́là 64. Dọ́là 44.80 ló wọlé.

Inú bí mi. Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn gígùn sí àwọn alágbàtà tí mo fi fóònù ra ṣíà lọ́dọ̀ wọn, ó ku kí n fi ránṣẹ́, ni mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé o ka fọ́ọ̀mù tí o buwọ́ lù?"

"Fọ́ọ̀mù wo, ẹ̀gbọ́n?"

W-8BEN ni, fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà tí àjèjì máa ń buwọ́ lù. N kò kà á. Ta ló ń kà á? Mo ṣí àkọsílẹ̀ àkáǹtì mi, mo wo ìsàlẹ̀, mo rí i: owó orí, dọ́là 19.20. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí dífídẹ́ńdì tí àjèjì bá gbà, àyàfi tí orílẹ̀-èdè ẹni bá bá wọn ní àdéhùn owó orí. Nàìjíríà kò ní. Àbúrò mi tó ń gbé London, ìdá 15 ni wọ́n ń yọ tiẹ̀.

Mo pa ẹ̀sùn mi rẹ́. Fọ́ọ̀mù náà sì máa ń kú ní ìparí ọdún kẹta lẹ́yìn ọdún tí a buwọ́ lù ú, mo ti kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Mo wá bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ìgbà tí òmíràn ń bọ̀.

"Ṣé owó oṣù ni? Bí owó epo bá já wálẹ̀, ọkọ̀ wọn á dúró sójú kan."