Ẹ Má Da Sérọ́ọ̀mù Pẹ́ptáìdì Sínú Abọ́ Ìpara Yẹn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nídìí abọ́ kan. Ìpara tí wọ́n fi ń bóra ti wà níbẹ̀, túùbù làpálàpá kan ti tẹ̀lé e, wọ́n wá ń kán sérọ́ọ̀mù pẹ́ptáìdì sí i tó tó tó, bí ẹni ń kán oògùn ojú. Wọ́n ní kí ìlà iwájú orí àwọn lè tètè lọ ni. Àyà mi já.

Ìránṣẹ́ ni pẹ́ptáìdì. Àmínò ásíìdì mélòó kan ni, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ purotéènì ara, tí wọ́n so kọ́ra. Kọ́lájìn ló ń mú kí awọ le dáadáa. Bó bá já, àjákù rẹ̀ ló ń ta sẹ́ẹ̀lì awọ lólobó pé iṣẹ́ àtúnṣe ti dé. Irú àjákù bẹ́ẹ̀ ni pẹ́ptáìdì kan tí wọ́n ń pè ní Matrixyl ń fara wé: àmínò ásíìdì márùn-ún, tí wọ́n so ọ̀rá mọ́ kó lè ráyè wọlé. Túùbù làpálàpá yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ló ní stẹ́rọ́ọ̀dù líle nínú, stẹ́rọ́ọ̀dù sì ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì kan náà pé kó má ṣe kọ́lájìn mọ́. Awọ á fẹ́lẹ́ títí iṣan ẹ̀jẹ̀ á fi máa hàn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹnì kan ń mọ ògiri, ẹnì kejì ń wó o, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó fún àwọn méjèèjì.

Gbogbo pẹ́ptáìdì kọ́ ló ń jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Argireline ń wá bí iṣan ojú ò ṣe ní máa fún pọ̀ jù. Ẹni tó bá ní ó dọ́gba pẹ̀lú abẹ́rẹ́ Botox ń tàn yín, torí abẹ́rẹ́ ń dé inú iṣan, orí awọ ni ìpara ń bẹ̀rẹ̀. Bàbà wà nínú pẹ́ptáìdì tó ń jẹ́ GHK-Cu, bàbà sì máa ń ba fítámì C jẹ́. Ẹ lo ọ̀kan láàárọ̀, ìkejì lálẹ́.

Ẹ má sì ju sérọ́ọ̀mù pẹ́ptáìdì nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2005 lórí èròjà Matrixyl, ọ̀sẹ̀ 12 ni obìnrin 93 fi lò ó, àyípadà tí wọ́n rí ò sì ju ìwọ̀nba lọ. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n, ó yẹ kí ẹ mọ ìyẹn náà.

Ìyẹ̀fun pẹ́ptáìdì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ara yín nílé, ẹ má sún mọ́ ọn rárá.

Oòrùn ńkọ́? Òun ló ń já kọ́lájìn jù. Awọ dúdú wa ń gbèjà wa, àmọ́ kò tó. Ìpara tó ń dènà oòrùn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí stẹ́rọ́ọ̀dù, kó má já a lójijì, ojú lè pọ́n kó sì wú. Dókítà awọ ni kó lọ rí. A ti gba ọjọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìyókù sérọ́ọ̀mù náà wà nínú àpótí wọn, a ò ní kàn án títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.